Ọmọ Ọlọ́mọ Lórí Òkun: A Dáhùn Ìbéèrè Yín Nípa Mímú Ọ̀rẹ́ Ọmọ Lọ sí Krúùsì

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń yọjú lóríṣiríṣi nínú àwọn lẹ́tà yín: ọmọ tó ti ń bàlágà ní òun ò bá òbí òun lọ sí krúùsì (ìrìn-àjò ìgbafẹ́ nínú ọkọ̀ òkun ńlá) àfi bí ọ̀rẹ́ òun bá tẹ̀ lé òun. Ẹ ti gbà, òbí ọ̀rẹ́ náà ti gbà, owó sì wà. Ibi tí nǹkan ti ń dojú rú ni ìwé, yàrá, àti ìnáwó tí ẹnikẹ́ni ò rò tẹ́lẹ̀. Márùn-ún nínú ìbéèrè yín rèé.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston la wà. Nínú oṣù Keje, a fẹ́ wọ ọkọ̀ Carnival láti Galveston, ọjọ́ 7, a ó sì dé Cozumel ní Mexico. Ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọdún 15, ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́ 14. Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gbà tayọ̀tayọ̀. Èkó ni bàbá rẹ̀ wà. Ìyá náà ti fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé òun yọ̀ǹda. Ṣé kò tó ni? (Ìyá Ìbejì, Houston)

Ìdáhùn: Kò tó o, Ìyá Ìbejì. Lójú tiwa, ẹni tí ọmọ bá ti ń pè ní Aunty ti di ìyá rẹ̀ kejì. Lójú òṣìṣẹ́ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní èbúté, àjèjì tó fẹ́ kó ọmọ ọlọ́mọ jáde nílùú ni yín, títí ẹ ó fi fa ìwé yọ.

Ìwé àkọ́kọ́ ni lẹ́tà àṣẹ. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ Royal Caribbean sọ ọ́ di dandan: lẹ́tà tí òbí kan, ó kéré tán, bu ọwọ́ lù níwájú nọ́tárì (ẹni tí ìjọba fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìbuwọ́lùwé), tó fún àgbàlagbà tó ń mú ọmọ náà lọ láṣẹ láti mú un rin ìrìn-àjò yẹn gan-an, láti bójú tó o, àti láti gbà kí dókítà tọ́jú rẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn lè má le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà náà dámọ̀ràn irú lẹ́tà yìí fún ọmọ tí kò bá òbí rẹ̀ rìn. Ẹ ṣe é bíi pé dandan ni níbi gbogbo.

Kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ bó ṣe wà lórí ìwé ìrìnnà rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, orúkọ ọkọ̀ àti èbúté, ọjọ́ tí ẹ ó gbéra àti ọjọ́ tí ẹ ó padà, nọ́ńbà fóònù tí òbí rẹ̀ máa ń gbé, àti orúkọ yín. Orúkọ ẹ̀yin àti ọkọ yín ni o, kì í ṣe ti ẹnì kan. Bó bá jẹ́ ti ọkọ yín nìkan ló wà níbẹ̀, tí iṣẹ́ wá dá a dúró nígbà tó ku ọ̀la, bébà lásán ni lẹ́tà yẹn dà. Kí wọ́n tún fi gbólóhùn kan kún un pé ẹ lè bu ọwọ́ lu ìwé eré fún ọmọ náà. Èyí làwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Kí ọmọ tó lè gun ògiri tàbí kó fi pátákó yọ̀ lórí ìgbì omi àtọwọ́dá, ìwé wà tí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ̀. Bí ẹ ò bá láṣẹ, tiyín á máa ṣeré, ọmọ ọlọ́mọ á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa wò.

Kí ìyá náà má tọwọ́ bọ lẹ́tà yìí nílé. Iwájú nọ́tárì ló ti gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ̀ ọ́, tòun ti káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Báǹkì tó ti ní àkáǹtì sábà máa ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Kó ṣe méjì, ọ̀kan nínú báàgì ọwọ́ yín, ọ̀kan lọ́wọ́ ọkọ yín. Èyí tí òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ rí, kì í ṣe fọ́tò inú fóònù. Ọwọ́ ìyá nìkan lè tó fún iléeṣẹ́ ọkọ̀, àmọ́ bí bàbá bá ní ẹ̀tọ́ lórí ọmọ, ẹ jẹ́ kó kọ tirẹ̀ wá láti Èkó, pàápàá bí òun àti ìyá ò bá sí pa pọ̀ mọ́.

Ìwé kejì ni ti ọmọ fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tí kò tíì pé ọdún 16, tó sì jẹ́ pé èbúté kan náà ní Amẹ́ríkà lọkọ̀ ti gbéra tó sì máa padà sí, ìwé-ẹ̀rí ìbí tó fún un láti wọlé padà. Síbẹ̀, pásípọ́ọ̀tù la ó gbà yín níyànjú. Bí àìsàn bá dá ọmọ dúró ní Cozumel, tí ọkọ̀ sì gbéra, ìwé-ẹ̀rí ìbí kò ní gbé e wọ bàálù lọ sí Houston. Káàdì pásípọ́ọ̀tù kékeré yẹn náà kò ní gbé e. Pásípọ́ọ̀tù ọmọ tí kò tíì pé 16 sì ń fẹ́ kí òbí méjèèjì fọwọ́ sí i. Òbí tí kò lè yọjú á tọwọ́ bọ fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí òbí, DS-3053, níwájú nọ́tárì. Bàbá tó wà ní Èkó yẹn nìkan ti tó láti dá gbogbo rẹ̀ dúró, nítorí náà òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè. Bí green card lọmọ náà ní, kó mú káàdì yẹn àti pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà dání. Bó bá jẹ́ físà, físà tó gba ni láyè láti wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni, kó sì má tíì kú lọ́jọ́ tí ẹ máa padà. Ìlú kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ máa yà ní òfin tirẹ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀, kí ìdáhùn wọn sì wá nínú ìmeèlì.

Orúkọ wa náà a máa fa wàhálà. Tọ́lá tí gbogbo ayé mọ̀ lè jẹ́ Omotola lórí ìwé-ẹ̀rí ìbí, kó tún jẹ́ Grace lórí pásípọ́ọ̀tù. Orúkọ orí ìwé tí yóò gbé wọ ọkọ̀ ni kí ẹ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ má sì pè é ní ọmọ ẹ̀gbọ́n yín. Aṣọ́bodè lè yíjú sí ọmọ náà kó bi í pé, "Ta ni obìnrin yìí sí ẹ?" Bí ọmọ bá ní "Aunty mi ni," tí lẹ́tà ní ọ̀rẹ́ ẹbí ni, ẹ̀yin lẹ máa dúró ṣàlàyé. Ẹ kọ́ ọ kó sọ pé, "Ìyá ọ̀rẹ́ mi ni."

Nǹkan kan tí ẹ ò bi wá: ẹgbẹ́ eré àwọn ọ̀dọ́ tó ń jẹ́ Circle C lórí ọkọ̀ Carnival wà fún ọdún 12 sí 14, Club O2 sì wà fún 15 sí 17. Iye ọdún ọmọ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ gbéra ni wọ́n ń wò. Àwọn ọmọ yín méjèèjì ò ní sí nínú ẹgbẹ́ kan náà. Ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó sanwó, kó má di pé ẹkún bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kìíní.

Ìbéèrè: Èmi, ìyàwó mi, ọmọ méjì. Ọ̀rẹ́ àkọ́bí wa sọ wá di márùn-ún. Bàbá rẹ̀ ní kí n ṣáà san án pọ̀ mọ́ tiwa, pé òun á fún mi tó bá yá. Ṣé yàrá kan lè gbà wá? (Bàbá Àkọ́bí, Baltimore)

Ìdáhùn: Ọ̀pọ̀ yàrá orí ọkọ̀ kì í gbà ju èèyàn mẹ́rin lọ. Yàrá ẹlẹ́ni márùn-ún wà, ó ṣọ̀wọ́n, ó sì máa ń tètè tán. Yàrá méjì ni kí ẹ fọkàn sí, kí ẹ sì pín ara yín sí mẹ́ta àti méjì. Ẹ má ṣe pín in sí mẹ́rin àti ọ̀kan: owó èèyàn méjì ni wọ́n fi ń ṣírò yàrá, ẹni tó bá dá wà nínú rẹ̀ sábà máa ń san ti ẹnì kejì tí kò sí níbẹ̀. Ẹnì kẹta àti ẹnì kẹrin nínú yàrá ló máa ń rí ẹ̀dínwó. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ sì lè má jẹ́ kí ẹ fi orúkọ ọmọdé nìkan gba yàrá, nítorí náà ẹ kọ àgbàlagbà kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìwé. Tí ẹ bá ti wọlé, ẹ lè ní kí wọ́n fún yín ní káàdì ìlẹ̀kùn míì, kí ẹ pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì bó ṣe wù yín. Yàrá tó ní ìlẹ̀kùn láàárín ló dára jù. Èyí tó dojú kọ ara wọn ló tẹ̀ lé e.

Ẹ má sọ pé ẹ ó fi ọ̀rẹ́ náà kún un tó bá yá. Ọkọ̀ ìgbàlà tó so rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ní iye ènìyàn tó lè gbà, apá kọ̀ọ̀kan nínú ọkọ̀ sì ní tirẹ̀. Bí iye yẹn bá ti pé, bẹ́ẹ̀dì kẹta lè wà lófìfo nínú yàrá yín kí kọ̀ǹpútà ṣì kọ̀ ọ́. Òfin ààbò ni. Ẹ̀bẹ̀ kì í yí i.

Ní ti owó, a kì í torí pé a bá ara wa tan ká fa ara wa nítan ya. Kí ẹ tó san àsansílẹ̀, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín, ẹyọ ẹyọ: owó yàrá; owó èbúté àti owó orí, tí ẹnikẹ́ni kì í rí ẹ̀dínwó rẹ̀; owó àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀, tó máa ń tó dọ́là 16 sí 19 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, èyí tó túmọ̀ sí dọ́là 112 sí 133 fún ọjọ́ 7; ìnṣọ́ránsì ọmọ náà; àti owó tí yóò ná. Ohun tó sábà máa ń rọrùn ni kí ẹni tó pè é san owó yàrá, kí òbí rẹ̀ san ìyókù. Bí ẹ bá tún un pín lọ́nà mìíràn, kò burú, kó ṣáà ti wà lákọsílẹ̀. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí gbogbo owó gbọ́dọ̀ pé, tó sábà máa ń tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú fún ìrìn-àjò ọlọ́sẹ̀ kan. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, bí ọmọ náà bá yẹsẹ̀, díẹ̀díẹ̀ lowó á máa rì mọ́ iléeṣẹ́ lọ́wọ́, àfi owó èbúté àti owó orí tí wọ́n sábà máa ń dá padà.

Wọn kì í ná owó bébà lórí ọkọ̀. Káàdì tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn náà ni wọ́n fi ń rajà, gbogbo rẹ̀ á sì já sórí káàdì báǹkì yín bí ẹ ò bá yà á sọ́tọ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbàlejò, ẹ san owó tí bàbá rẹ̀ fún un sórí tirẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi gbèdéke sí i. Yàrá géèmù ló ń jẹ owó jù. Ọmọ á kàn máa fi káàdì kan ẹ̀rọ ni, kò ní mọ̀ pé òun ń náwó.

Ìbéèrè: A ń gbéra láti Southampton lọ sí Lisbon, Casablanca àti Cádiz. Ọ̀rẹ́ ọmọ wa ní ìwé ìgbélùú ní Britain, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló sì ń lò. Wọ́n ní tí kò bá sọ̀kalẹ̀, kò nílò físà. (Ìyá Dámilọ́lá, Peckham)

Ìdáhùn: Ẹ má gbọ́ tiwọn. Ìwé ìgbélùú Britain kì í ṣe físà Schengen (físà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù jọ ń lò), èbúté ni wọ́n sì ti ń yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó wọkọ̀. Ẹni tí wọ́n bá dá padà níbẹ̀ kì í sábà rí owó rẹ̀ gbà. Ẹ wo ọ̀nà tí ọkọ̀ yín ń gbà: Lisbon wà nínú Schengen, Casablanca, ní Morocco, kò sí níbẹ̀, Cádiz wà níbẹ̀. Ọmọ náà á wọ Schengen lẹ́ẹ̀mejì nínú ìrìn-àjò kan, físà ẹlẹ́ẹ̀kan kò lè gbé e. Kí òbí rẹ̀ yẹ ti Morocco náà wò lọ́tọ̀.

Ní ti físà Schengen, ilẹ̀ tí ẹ máa pẹ́ sí jù ni wọ́n á kọ̀wé sí. Bó bá dọ́gba, èyí tí ẹ kọ́kọ́ máa dé. Wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù 6 ṣáájú, kò sì gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ 15. Owó rẹ̀ jẹ́ Yúrò 90 fún ẹni tó ti pé ọdún 12, láìka ti iléeṣẹ́ tó ń gbàwé. Ọjọ́ 15 ló yẹ kó gbà, ó lè fà dé 45, ọjọ́ ìpàdé sì máa ń ṣọ̀wọ́n nígbà ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́rin ṣáájú. Wọ́n á tún béèrè ìfọwọ́sí òbí, nítorí ọmọdé ni.

Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba pásípọ́ọ̀tù tuntun, kí òbí rẹ̀ wọ àkáǹtì rẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ físà Britain (UKVI) lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n fi nọ́ńbà tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Káàdì ìgbélùú BRP ò ṣiṣẹ́ mọ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà. Ẹ má gbàgbé lẹ́tà òbí: òfin Britain ní kí ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ jáde gba àṣẹ gbogbo ẹni tó ní ẹ̀tọ́ òbí lórí rẹ̀.

Ìbéèrè: Tèmi yàtọ̀. Ọmọ mi ni wọ́n fẹ́ mú lọ. SS ni, ọdún 16, ara rẹ̀ le dáadáa. Ojú ń tì í kí ìdílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀. Ṣé kí n dákẹ́? (Ìyá Tó Ń Ronú, Chicago)

Ìdáhùn: Ẹ má dákẹ́ o. Ẹ sọ fún àgbàlagbà méjì péré, kí ọmọ náà sì wà níbẹ̀ tí ẹ ń sọ ọ́, kó mọ ohun tí wọ́n mọ̀. Kò di dandan kí àwọn ọmọ yòókù gbọ́.

Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà rẹ̀: jẹ́nótáìpù, oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀, oògùn ìrora tó máa ń ṣiṣẹ́ fún un, èyí tí ara rẹ̀ kò gbà, àti nọ́ńbà tí wọ́n lè pè. Gbogbo oògùn nínú ìgò ilé oògùn tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, kí ẹ fi ti ọjọ́ mẹ́ta kún un, kó sì wà nínú báàgì ẹ̀yìn rẹ̀. Báàgì ńlá tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ yín ní èbúté lè má dé yàrá títí alẹ́. Ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ibà sí i. Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38.5, ọ̀dọ̀ dókítà ọkọ̀ ni, lóru yẹn gan-an. Kí ẹnikẹ́ni má fún un ní oògùn ibà kí wọ́n ní ó di àárọ̀.

Ohun tó ń dá ìrora sílẹ̀ lórí krúùsì kì í ṣe òkun. Omi ni wọn kì í mu tó nínú oòrùn, wọ́n á tún bọ́ sódò ìwẹ̀ tó tutù, wọ́n á jáde pẹ̀lú aṣọ tútù sínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́. Ìgò omi lọ́wọ́, aṣọ gbígbẹ nínú báàgì, kó má sì pẹ́ nínú omi tútù.

Dókítà wà lórí ọkọ̀, nọ́ọ̀sì wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọsibítù ńlá. Bí ìrora bá le, èbúté tó kàn ni wọ́n máa gbé e sọ̀kalẹ̀ sí. Medicaid, ìnṣọ́ránsì ìlera ìjọba fún àwọn tówó wọn kò pọ̀, kì í sanwó ìtọ́jú lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà, owó dókítà ọkọ̀ sì ń já sórí àkáǹtì yàrá, ìyẹn orí ẹni tó gbà á lálejò. Ẹ ra ìnṣọ́ránsì ìrìn-àjò lórúkọ rẹ̀. Ti ìdílé tó ń mú un lọ kì í sábà kan ọmọ tí kì í gbé nílé wọn. Kí ẹ rí i kà nínú rẹ̀ pé ó gba àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kì í gbà á àfi bí ẹ bá rà á láàárín ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn àsansílẹ̀. Kó sì gba owó gbígbé aláìsàn wálé, nítorí ìyẹn lè wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá.

Ìbéèrè: Àwọn ọmọkùnrin méjì, ọdún 16 àti 17. Òfin wo ni ká fún wọn? Kí la ó ṣe bí wọ́n bá jà? (Bàbá Fẹ́mi, Atlanta)

Ìdáhùn: Òfin kan náà fún ọmọ yín àti àlejò. Bí ẹ bá fún ti ọlọ́mọ ní òfin tó rọ̀ jù, tiyín á bínú. Bó bá sì le jù, ìyá rẹ̀ á gbọ́ nílé. Lórí Carnival àti Royal Caribbean, kónílé-ó-gbélé wà fún ẹni tí kò tíì pé 18 láti aago kan òru. Tiyín lè jẹ́ méjìlá. Kí wọ́n bá yín jẹ oúnjẹ alẹ́ lójoojúmọ́, kí wọ́n má wọ yàrá àjèjì, kí àjèjì má sì wọ tiwọn. Ọtí: ọdún 21 ni lórí ọkọ̀ tó bá gbéra láti Amẹ́ríkà, bó ti wù kí òfin ìlú tí ẹ yà sí rọ̀ tó.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí rẹ̀ bóyá ó mọ̀ ọ́ wẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ ọmọ náà. Kò sí ọmọ ọdún 16 tó máa ní òun ò mọ̀ ọ́ wẹ̀ níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ò ní olùṣọ́ lẹ́bàá odò ìwẹ̀.

Lórí fóònù, kí wọ́n tan ipò bàálù kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté; owó ìpè ojú òkun ń gbóná. Áàpù iléeṣẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ fi máa bára yín sọ̀rọ̀. Ẹ ra aago ọwọ́ olówó pọ́ọ́kú fún wọn, kí ẹ sì fi í sí aago ọkọ̀. Bí ẹ bá lọ nígbà Kérésì, Cozumel fi wákàtí kan ṣáájú aago Houston, fóònù lè fúnra rẹ̀ yí padà, ọkọ̀ kì í sì í dúró de ẹni tó pẹ́. Kí wọ́n ti padà nígbà tó ku wákàtí méjì tí ọkọ̀ yóò gbéra.

Ìjà máa dé, ó sábà máa ń jẹ́ ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tí oorun ò tó wọn mọ́. Ẹ má ṣe adájọ́. Ẹ mú ọ̀kan lọ jẹun, kí ìyàwó yín mú ìkejì lọ síbòmíràn, kí wọ́n sùn ní yàrá ọ̀tọ̀ lálẹ́ yẹn. Àǹfààní mìíràn nìyẹn nínú bí a ṣe ní kí àgbàlagbà wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan lórí ìwé: ẹ lè pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí àlejò bá fẹ́ pe ìyá rẹ̀, ẹ jẹ́ kó pè é, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú méjì ṣàlàyé fún ìyá náà, kó má jẹ́ ẹkún ló máa kọ́kọ́ gbọ́.